Píkọ́ọ̀pù 504 tó ti pẹ́ nílẹ̀: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

Mo ti jí píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 mẹ́ta dìde: ọ̀kan ní Ìkirè, ọ̀kan ní Ọ̀yọ́, ẹ̀kẹta lẹ́yìn ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Méjì ṣì ń ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gbágùúdá dòní. Èyí tó kù ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe tán, ó ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí n tó rántí yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Ọjọ́ tí a fi jáàkì gbé e, jáàkì wọ inú ṣáṣí, irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, lọ bí ìka tó wọ inú àkàrà. Owó mi bá a lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i pé mò ń pariwo ṣáṣí nísàlẹ̀ yìí, ẹ ti mọ ibi tó ti dùn mí.

Kí ló dé tó jẹ́ 504 nìkan lẹ máa ń sọ? Ṣé kò sí píkọ́ọ̀pù mìíràn ni?

Ó wà. Hilux wà, Datsun náà wà. Ṣùgbọ́n Fáìfù-ó-fọ́ọ̀ ló pọ̀ jù lábẹ́ igi lọ́dọ̀ wa. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní Faransé, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1979. Ilé iṣẹ́ tó ń tò wọ́n ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1975, 504 sì ń jáde níbẹ̀ títí tó fi kọjá ọdún 2000. Ìjọba rà á, àwọn oníkòkó rà á, àwọn alágbàṣe ilé kíkọ́ rà á. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì tó ti lé ní àádọ́ta ọdún lè di ojú ara rẹ̀ kó sì tú kábúrétọ̀ rẹ̀, ẹ̀yà tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn, orí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní líìfù, ló jókòó lé, ìyẹn ló jẹ́ kó lè ru ẹrù.

Ẹ̀gbọ́n, èyí tí mo rí ti jókòó fún ọdún mọ́kànlá. Ṣé kò tíì kú pátápátá?

Ẹ bi wọ́n pé ibo ló jókòó sí kí ẹ tó ka ọdún. Ọdún 11 lábẹ́ páànù, lórí kọnkéré, sàn ju ọdún 3 lọ lábẹ́ igi máńgòrò, lórí koríko. Ewé máńgòrò á já sínú gọ́tà kékeré tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, á jẹrà síbẹ̀, á gba omi òjò dúró, omi náà á sì máa jẹ irin láti inú wá síta. Koríko ní tiẹ̀ ń mú kí abẹ́ ọkọ̀ tutù láàárọ̀ lálẹ́.

Ọkọ̀ tó ń rìn ń fi ooru ara rẹ̀ lé omi jáde. Èyí tó jókòó kò ní ooru. Epo inú táǹkì á di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra bí oje igi. Ọ́ìlì búréèkì á máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, písítìn búréèkì á sì há. Gbogbo ohun tó bá jẹ́ rọ́bà á gbẹ, á là. Eku á jẹ wáyà, nítorí inú bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná ju ìta lọ lásìkò ọyẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ò ní àtúnṣe. Ìpáàrà tó ti jẹ ṣáṣí ni kò ní.

Kí ni kí n kọ́kọ́ wò tí mo bá débẹ̀?

Ọkọ̀ àgbà ni, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un. Mi ò ṣeré o. Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, hámà kékeré àti mágínẹ́ẹ̀tì dání. Ẹ máa fi hámà kan àwọn irin gígùn méjì tó gbé ọkọ̀ ró láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó lera á dún kan-an. Èyí tó ti jẹrà á dún pọ̀, ìpáàrà á sì dà sí yín lójú. Ẹ dúró pẹ́ níbi tí líìfù ti so mọ́ ṣáṣí lẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ ni ìwúwo ẹrù ń tẹ̀ jù, ibẹ̀ sì ni ẹrẹ̀ ń pamọ́ sí. Tí ibẹ̀ bá ti lu, ẹ dìde, ẹ gbọn aṣọ yín, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀. Wẹ́dà á sọ fún yín pé òun lè lẹ̀ ẹ́. Ó lè lẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó ẹrù gun òkè ni ẹ máa mọ bí ó ṣe lẹ̀ ẹ́ tó.

Lẹ́yìn náà ẹ ká rọ́bà ilẹ̀ sókè ní ibi tí ẹsẹ̀ dírẹ́bà ń wà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì àti gọ́tà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Níbi tí ọ̀dà bá ti dán ju ibòmíì lọ, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, pútì ni wọ́n fi dí ihò níbẹ̀, kì í ṣe irin.

Ẹ tún bèèrè ohun tó ń rù nígbà ayé rẹ̀. Pákó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò léwu. Èyí tó ru ajílẹ̀ oyìnbó, iyọ̀ tàbí ẹja inú yìnyín fún ọdún púpọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti lu bí ajere.

Ẹ́ńjìnì la wò kẹ́yìn. Ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde. Tó bá dúdú, kò burú. Tó bá funfun bí ògì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ẹ ó sì ṣí ẹ́ńjìnì náà dandan, ẹ tètè ro owó rẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀.

Ẹni tó ń tà á ní ẹ́ńjìnì dáadáa ni, pé kí n ṣáà gbé bátìrì wá, ó máa ṣiṣẹ́ lójú mi.

Ẹ má gbé bátìrì lọ. Tí ó bá ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí agbọ́n fi kọ́lé sẹ́nu sàlẹ́ńsà rẹ̀? Òrùka tó yí písítìn ká, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì, lè ti lẹ̀ mọ́ ara sìlíńdà, ihò tí písítìn ń gbà. Tí kíkì sítáátà bá fi agbára yí i, òrùka á kán, á sì ya ara sìlíńdà bí èékánná. Ohun tí ọ́ìlì ṣíbí kan ì bá yanjú ti wá di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì.

Bàbá àwọn tó ń tà á ló ni ín, bàbá sì ti kú. Ṣé ìṣòro wà níbẹ̀?

Ó lè wà, ó sì máa ń wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó jókòó, ikú tàbí àìsàn olówó rẹ̀ ló jókòó tì í. Ẹni tí ẹ bá nílé ló ń tà á, àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà l'Ékòó, ọ̀kan wà ní Kánádà. Nígbà tó ń hu koríko, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá kùn ún tán tó ń dán ni wọn á rántí pé ọkọ̀ bàbá àwọn ni. Ní Ọ̀yọ́, àkọ́bí ni mo sanwó fún. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àbíkẹ́yìn wọn pè mí, arábìnrin jẹ́jẹ́ kan, kò bú mi, ó kàn ń sunkún pé inú ọkọ̀ yẹn ni bàbá fi ń gbé òun lọ síléèwé. Mo fún un ní nǹkan. Òfin lè má ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà á fún un.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí wọ́n fi ìwé tí kóòtù fi ń fún àwọn ajogún láṣẹ lórí dúkìá olóògbé hàn yín. Kí gbogbo ọmọ tó ti dàgbà fọwọ́ sí ìwé títà, kí olórí ẹbí náà fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí wà níhà tiyín náà. Lẹ́yìn náà ẹ gba ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn: ìwé tó fi hàn pé bàbá ló ni ín, àti láíṣẹ́ǹsì tó gbà kẹ́yìn, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹ fi ojú ara yín ka nọ́ńbà ṣáṣí àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tó wà lára irin, kí ẹ fi wé ti inú ìwé. Ẹ má gba fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ báyìí, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì rí, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì ní bá ìwé mu. Ìyẹn kì í ṣe olè fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹni tó tà á ló gbọ́dọ̀ lọ búra ní kóòtù lórí rẹ̀. Bákan náà ni tí ìwé bá ti sọnù: òun ni kó lọ gba ìwé ọlọ́pàá. Tí ẹ̀yin bá lọ búra pé ẹ sọ ìwé tí ẹ kò ní rí nù, irọ́ lẹ pa níwájú adájọ́ yẹn.

Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ gbé nọ́ńbà ṣáṣí lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe láíṣẹ́ǹsì ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, kí wọ́n bá yín wò ó.

Èló ló yẹ kí n san?

Owó tí mo bá dárúkọ lónìí, ọ̀la á ti sọ ọ́ di àwàdà. Ìlànà tèmi nìyí. Ẹ bèèrè iye tí àwọn tó ń ra irin ọkọ̀ máa san lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọn irin lọ́jọ́ náà. Kò yẹ kí ẹ bá wọn ná an sísàlẹ̀ iye yẹn, ìwọ̀sí ni. Ìwé tó pé pérépéré fi owó kún un. Ṣáṣí tó gbẹ fi owó púpọ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ "bàbá fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gan-an" kò fi kọ́bọ̀ kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ní láti fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán. Tí ẹ bá ti mọ owó tí ẹ máa san, ẹ ní irú rẹ̀ méjì nípamọ́ fún àtúnṣe. Tí ẹ kò bá ní in, ẹ dúró.

Báwo ni mo ṣe máa gbé e délé?

Lórí ọkọ̀ agbọ́kọ̀, láìsí àríyànjiyàn. Ẹ má fi okùn fà á. Ọkọ̀ tí kò ní búréèkì, tí okùn so mọ́ ìdí ọkọ̀ mìíràn, tí ẹni iwájú bá dúró lójijì, ìdí ẹni iwájú yẹn ló máa fi dá ara rẹ̀ dúró. Tí táyà ẹ̀yìn bá kọ̀ láti yí, bàtà búréèkì ló ti lẹ̀ mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù, irin róbótó tó wà lẹ́yìn táyà. Ẹ fi hámà kan dúrọ́ọ̀mù náà yí ká, díẹ̀díẹ̀, ó máa ń jọ̀wọ́.

Ní Ìkirè, kí a tó sún ọkọ̀ náà, ìyá tó ni ilé gbé ọtí àti obì jáde, ó ta ọtí sí táyà iwájú fún Ògún, ó sì sọ fún un pé ọwọ́ mìíràn ló bọ́ sí. Mẹkáníìkì mi, ọmọ pásítọ̀, wo ojú ọ̀run títí màmá fi parí.

Ó ti délé. Báwo ni mo ṣe máa jí ẹ́ńjìnì náà?

Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún un, ó kéré tán. Ẹ kọ́kọ́ fi igi yẹ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì àti abẹ́ àga wò kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, nítorí ibi tí eku bá kọ́lé sí, ejò máa ń wá kí i.

Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, kí ẹ rọ tuntun, 20W-50, lítà 4. Ẹ da epo inú táǹkì jáde. Tó bá ń rùn bí fáníìṣì, ẹ má rò ó pé ẹ lè dà á pọ̀ mọ́ tuntun kó lọ bẹ́ẹ̀. Táǹkì náà fúnra rẹ̀ máa kúrò lábẹ́ ọkọ̀ níkẹyìn, kí wọ́n fọ ìpáàrà inú rẹ̀, àmọ́ kò tíì kàn án.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn tó ń tanná sí epo. Kí ẹ tó yọ wáyà wọn, ẹ fi téèpù sàmì sí wọn, nítorí 1-3-4-2 ni wọ́n ń tẹ̀ léra láti tanná, ẹni tó bá ṣì wọ́n so á máa gbọ́ ìbọn nínú sàlẹ́ńsà. Ẹ rọ ọ́ìlì ṣíbí kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ yọ ọkọ̀ kúrò nínú jíà, kí ẹ gbé sípánà lé nọ́ọ̀tì púlì tó wà níwájú ẹ́ńjìnì, ẹ fi ọwọ́ yí i sí apá ibi tí ọwọ́ aago ń yí sí. Tó bá yí ní ẹ̀ẹ̀mejì láìsí ibi tó há, ẹ lè rẹ́rìn-ín músẹ́. Tó bá kọ̀, ẹ má fi páìpù gun sípánà láti fi kún agbára. Ẹ fi ọ́ìlì sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa mì í lọ mì í bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ti Ọ̀yọ́ jọ̀wọ́ lọ́jọ́ kẹfà. Èyí tó bá kọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí orí rẹ̀.

Tó bá ti ń yí, ẹ jẹ́ kí kábúrétọ̀ di títú àti fífọ̀. Ẹ fi sáńpépà wẹ́wẹ́ nu ojú kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì tó ń kàn tó ń yà kí púlọ́ọ̀gì lè tanná, kí àlàfo rẹ̀ jẹ́ bíi mìlímítà 0.4. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ní kọ́ìlì rẹ̀, ohun tó ń fi agbára kún iná bátìrì, ti kú, kọ́ńtáàtì tó dógùn-ún lásán ló ń ṣe é. Ẹ wá gbé bátìrì wá. Láìtíì dá púlọ́ọ̀gì padà, ẹ kíìkì í díẹ̀díẹ̀ títí iná pupa ọ́ìlì á fi kú. Ìgbà náà ni ọ́ìlì ti dé gbogbo ara. Ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà, kí ẹ fún un ní epo láti inú kẹ́ẹ̀gì kékeré pẹ̀lú họ́ọ̀sì tuntun, kì í ṣe láti inú táǹkì.

Ohun kan wà tí mi ò ní dákẹ́ lé lórí. Ẹ̀ ń rí i níbi gbogbo: ẹnì kan á máa bu epo sí ẹnu kábúrétọ̀ láti inú ike, ẹnì kejì á máa kíìkì. Iná máa ń sẹ́yìn jáde láti ẹnu kábúrétọ̀. Mo mọ ẹni tí apá rẹ̀ ṣì ní àpá títí dòní. Kí iyanrìn garawa kan wà nítòsí, kí kẹ́ẹ̀gì epo jìnnà sí bátìrì, kí ẹnikẹ́ni má bu epo lọ́wọ́.

Tí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, èéfín á bo àdúgbò. Ọ́ìlì tí ẹ rọ sínú ihò ló ń jó, kò ní pẹ́ dáwọ́ dúró. Èéfín aláró tí kò lọ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ti òrùka písítìn ni. Èéfín funfun tí kò lọ, tí omi rédíétọ̀ sì ń dínkù, ẹ yẹ tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì wò, ohun pẹlẹbẹ tó dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ńkọ́?

Ọ̀nà kan náà ni títí dé ibi tí ẹ ti ń fi ọwọ́ yí i. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ gbé pọ́ọ̀ǹpù àti nọ́sù rẹ̀, ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì, fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtúnṣe wọn. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì bẹntiróòlù tú u.

Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ti ń gbóná jù.

Rédíétọ̀ ni gbogbo ayé máa ń mú. Ẹ kọ́kọ́ wo fáànù. Lára ọ̀pọ̀ 504, fáànù kì í yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnì nígbà gbogbo. Mágínẹ́ẹ̀tì oníná kan ló ń gbá a mú tí omi bá ti gbóná, iná náà sì ń gba ara ẹyọ káábọ̀nù kékeré kan dé ibẹ̀. Tí káábọ̀nù yẹn bá ti jẹ tán, fáànù á máa yí lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní fẹ́ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í wá káábọ̀nù, wọ́n á so fáànù pa kó máa yí láti àárọ̀ dalẹ́. Kò burú lójú oòrùn tiwa, epo díẹ̀ ló máa jẹ sí i.

Tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé ẹrẹ̀ wà nínú. Omi inú ẹ́ńjìnì yìí ń kan ara síléèfù tí písítìn ń gbà lọ gbà bọ̀ gbangba. Ẹni tó bá ti ń bu omi kànga sí i fún ogún ọdún, ẹrẹ̀ pupa á ti dì síbẹ̀ gbagidi. Ẹ tú họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀, kí ẹ fi omi fọ̀ ọ́ títí omi tó ń jáde á fi mọ́. Omi tó mọ́ pẹ̀lú kúlánǹtì ni kí ẹ dá padà.

Búréèkì rẹ̀ ń mú díẹ̀díẹ̀. Ṣé mo lè máa wà á bẹ́ẹ̀ ná?

Rárá. Gbogbo họ́ọ̀sì rọ́bà, gbogbo rọ́bà inú sìlíńdà, másítà lókè, ọ́ìlì búréèkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kódà, èmi kì í wa ọkọ̀ jáde kúrò nínú ọgbà bí búréèkì kò bá tíì pé, bó ti wù kí ẹ́ńjìnì dùn tó.

Táyà rẹ̀ ṣì ní ojú dáadáa.

Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT tí wọ́n tẹ̀ sára táyà. 2309 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2009. Ojú rẹ̀ lè pé, rọ́bà rẹ̀ ti kú. Nọ́ńbà mẹ́ta péré lẹ bá níbẹ̀? Ó ti wà kí ọdún 2000 tó wọlé. Ẹ fi í gbin òdòdó.

Níbo ni mo ti lè rí sípíà?

Ládípọ̀ ní Mushin, Géètì n'Ìbàdàn, Ọwọ́dẹ-Onírin tó bá jẹ́ ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù lẹ fẹ́. Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání lọ, ẹ má fi ẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀. Fún tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà búréèkì, tuntun ni kí ẹ rà. Fún dúrọ́ọ̀mù, ilẹ̀kùn, líìfù àti àpótí jíà, mo fẹ́ràn àlòkù tó ti ara 504 mìíràn wá ju ayédèrú tuntun lọ.

Wọ́n ní kí n kúkú gbé ẹ́ńjìnì Toyota sínú rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe, àwọn èèyàn sì ń ṣe é. Èmi kì í ṣe é. Ẹ máa gé irin, ẹ máa jó irin, ẹ máa wá bí jíà àti kílọ́ọ̀ṣì ṣe máa bá ara wọn mu, ẹ tún máa lọ ṣàlàyé nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ní ọ́fíìsì láíṣẹ́ǹsì. Tí ẹ bá ṣe gbogbo ìyẹn tán, mẹkáníìkì abúlé tó lè fi sípánà méjì tún 504 ṣe kò ní mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ mọ́.

Bọ̀dá, ìgbà wo ni mo lè kó ẹrù sí i?

Oṣù kìíní, ẹ máa wà á lófìfo, láàárín ìlú, kí ẹ máa wo abẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ bóyá nǹkan ń kán sílẹ̀. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 500, ẹ tún da ọ́ìlì nù. Ẹ ó rí bó ṣe dúdú tó. Kí ẹ tún mú gbogbo nọ́ọ̀tì líìfù le. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpò sìmẹ́ǹtì 10. Ogún àpò jẹ́ tọ́ọ̀nù kan gééré, ibẹ̀ ni èmi ti ń dúró. Ẹ ó rí ẹni tó ń kó 35 lé tirẹ̀, tí imú ọkọ̀ ń wo òkè bí ajá tó gbọ́ òórùn ẹran. Ẹ má jẹ́ kó ya yín lẹ́nu tí ẹ bá rí ọkọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ bi í ní iye tó máa tà á.